Èjìká Kì í Purọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣì lè gba abẹ́ tábìlì ilé wa kọjá láìtẹrí ba, ojo ọmọ ni mí. Mò ń sọ ọ́ jáde báyìí nítorí pé kò sí ẹni tó máa gbà á gbọ́ mọ́. Àkùkọ aládùúgbò wa mọ̀ mí dáadáa, èmi nìkan ló máa ń lé ládùúgbò. Bí tíṣà bá pe orúkọ mi ní kíláàsì, omi á ti bọ́ lójú mi kí n tó rántí ìdáhùn. Bí mo bá lọ pọn omi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọbìnrin tó jù mí lọ á gbé kẹ́ẹ̀gì mi kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n á gbé tiwọn síbẹ̀, èmi á sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, n ó máa ka ìka ẹsẹ̀ mi.

Bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Adó-Èkìtì, wò mí títí, ọ̀rọ̀ náà sú u. Ní àárọ̀ Sátidé kan nígbà ọyẹ́, a jọ gun ọ̀kadà, èmi láàárín òun àti ọlọ́kadà, imú mi ń ṣe omi sí ẹ̀yìn ẹ̀wù ọkùnrin ọlọ́kùnrin. A sọ̀kalẹ̀ ní pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí àdúgbò Fájuyì. Títí dòní, bí mo bá di ojú mi, mo ṣì ń rí pápá náà bí mo ṣe rí i lọ́jọ́ yẹn. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo ibẹ̀, oòrùn sì pọ́n róbótó nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wọ aṣọ funfun ń lọ, wọ́n ń bọ̀ nínú eruku yẹn, ẹ kò ní rí ẹsẹ̀ wọn dáadáa, àfi bí ẹni pé wọ́n ń léfòó. Ìgbà tí gbogbo wọn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà ni mo tó mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n. Mo di ẹsẹ̀ bàbá mi mú.

Ọ̀gá Bọ́dé ló ni ẹgbẹ́ náà. Akọ̀wé ni ní sẹkiteríàtì ìjọba, ọkùnrin kúkúrú tó máa ń so táì láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, tó sì máa ń gbé fáìlì sábẹ́ apá. Òkè Ọya ló ti kọ́ kàrátè àti júdò nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́, ó wá ń fi ọjọ́ Sátidé kọ́ àwa ọmọ àdúgbò. Kò sí ilé, kò sí ohun èlò kankan. Àpò tí a rọ ìyẹ̀fun pákó kún, tí a rán pọ̀, ni a ń ṣubú lé nígbà júdò, òórùn igi tútù á sì máa bá wa délé nínú irun wa. Ọwọ́ ìgbálẹ̀ gígùn la fi ń kọ́ bí a ṣe ń ja ìjà ọ̀pá. Ó ní igi kúkúrú méjì kan tó fi ṣéènì ajá so pọ̀, tó máa ń fì yí orí àti apá rẹ̀ ká títí afẹ́fẹ́ á fi máa kọrin. Kò sí ọmọ tí kò fi igi yẹn gbá ara rẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ rí. Bí a bá parí, ìyàwó rẹ̀ á gbé ògì gbígbóná wá àti mọ́ínmọ́ín tí a fi ewé pọ́n. A máa ń jẹ ẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò, ètè wa á sì máa gbọ̀n nítorí òtútù àti àárẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ ṣe ọmọbìnrin nígbà yẹn, ẹ ó rántí tẹ́ń-tẹ́ń, eré tí a máa ń pàtẹ́wọ́, tí a máa ń fò, tí a máa ń na ẹsẹ̀ síwájú láti fi mọ ẹni tó jẹ. Èmi ni ọ̀gá tẹ́ń-tẹ́ń ní gbogbo ìgboro wa. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ mi fi yá ní pápá Ọ̀gá Bọ́dé láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo lè gbé e dé orí èjìká ẹni tó ga jù mí lọ. Kò pẹ́ tí mo fi fẹ́ràn ibẹ̀ ju ibikíbi lọ láyé. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀rù kì í ti í bà mí, àfi ìgbà tí wọ́n bá ní kí n kojú ènìyàn.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kò kéré. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n bá ẹnìkan ṣe ìjà ìdánrawò, ọmọbìnrin tó fi bí ọdún méjì jù mí lọ ni. Ọ̀gá Bọ́dé ní, "Ẹ tẹrí ba fún ara yín." Ọmọbìnrin náà tẹrí ba. Èmi fi orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi dùbúlẹ̀. Ìgbà tí mo dìde, wọ́n ní kí n wo ojú ọmọbìnrin náà. Níbẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti dàrú.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tọ́ wa dàgbà tó kọ́ wa pé kí a máa wo ojú ẹni tó jù wá lọ? Bí màmá mi bá ń bá mi wí, tí mo bá ṣèèṣì gbé ojú sókè, yóò ní, "Ojú mi lò ń wò yẹn? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí?" Ìyà ojú wíwò sì le ju ìyà ẹ̀ṣẹ̀ gangan lọ, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ lè gba ìfọ́tí, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ àti apá sókè ni ti ojú wíwò. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, mo sì kó tèmi ròde dáadáa. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Mo mọ ẹsẹ̀ Ọ̀gá Bọ́dé ju bí ìyàwó rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Àpá kan wà lórí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tó rí bí ẹ̀wà. Bí mo ṣe ń wo àpá yẹn lọ́wọ́ ni ẹ̀ṣẹ́ á ti bà mí. "Ọmọ Tíṣà," bó ṣe ń pè mí nìyẹn, "wò mí lójú! Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí!" Mo máa gbìyànjú, ojú mi á gòkè dé àgbọ̀n rẹ̀, á sì já bọ́ padà sílẹ̀.

Láàárín àkókò yìí ni màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe ẹni tó ń pariwo, ṣùgbọ́n bó bá ti ń gún iyán tó sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ ó mọ̀ láti inú odó. "Ọmọbìnrin tó ń ta ìpá láàárín àwọn ọkùnrin," gbì, "tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi okùn sí abẹ́rẹ́," gbì. Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ìwé ìròyìn. Níkẹyìn ó ká ìwé náà, ó sì dájọ́ bí onímọ̀ ìṣirò. Ìdánwò bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé ń bọ̀ lẹ́yìn ọlidé Ọdún Àjíǹde. Bí mo bá yege, mo lè máa lọ títí n ó fi jáde ilé ìwé. Bí n kò bá yege, ó parí nìyẹn, gbogbo Sátidé mi yóò di ti àbúrò màmá mi tó ń ránṣọ.

N kò sunkún. Mo wọ yàrá, mo jókòó lórí ibùsùn. Mo mọ ohun tí ìdánwò náà jẹ́. Apá kan jẹ́ ìṣubú júdò, apá kan jẹ́ ìjà ọ̀pá, ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Apá tó gbẹ̀yìn ni kí olúkúlùkù kojú Ọ̀gá Bọ́dé fúnra rẹ̀, kí ó fọwọ́ kàn án láyà lẹ́ẹ̀kan péré kí fèrè tó dún. Ọkùnrin tí n kò lè wò lójú.

Ọlidé náà dé, wọ́n sì rán mi lọ sí Ìyìn, sọ́dọ̀ bàbá tó bí bàbá mi. Bàbá Àgbà jẹ́ àgbẹ̀ àti ọdẹ. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ilẹ̀ lójú oorun. Ìbọn rẹ̀ wà nínú yàrá, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ọrun àti ọfà tó jogún lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀ wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti kékeré mi ló ti ń jẹ́ kí n fọwọ́ bà wọ́n. Òun ló kọ́ mi ní kànnàkànnà. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi kùmọ̀ gba igi tí ẹlòmíràn sọ sí ni. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò gbé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan dúró sí ìdí òkúta ńlá tó wà lẹ́yìn ilé, yóò ní kí n fa ọsán ọrun dé etí mi, kí n mí jáde, kí n tó tú u sílẹ̀. Ìró tí ọfà máa ń ṣe bó bá wọ ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò pọ̀, bí ẹni tó ní "ẹ̀n" ni. Lẹ́yìn náà a óò jókòó ti òkúta tó ṣì ń gbóná látàrí oòrùn, a óò máa fi iṣu sísun bọ epo. Bí ọwọ́ mi bá dọ̀tí, ara ewé ni mo ti ń nù ún. Mo ti gbé ní ibi púpọ̀ láti ìgbà náà, n kò tíì rí ibi tí ọjọ́ ti ń lọ jẹ́ẹ́ bíi tibẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ó bi mí léèrè ohun tó ń ṣe mí. Ahọ́n Bàbá Àgbà kò kúrò ní Ìyìn rí, kò sì fẹ́ kúrò. "Àríkẹ́," ni ó wí, oríkì mi nìyẹn, "uyán ò wọlé, usu ò wọlé. Kí ló dé?" Iyán àti iṣu tí n kò jẹ ló ń wí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Ọ̀gá Bọ́dé, ìdánwò, ìránṣọ, ojú tí n kò lè wò. Ilẹ̀ náà ni mò ń wò bí mo ti ń sọ ọ́. Mo rò pé yóò ní màmá mi ló jàre. Ńṣe ló dìde, ó tọ́ka sí òbúkọ dúdú kan tó ń jẹ èèpo iṣu nínú àgbàlá, ó ní kí n lọ mú un.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, òbúkọ náà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Yóò wo ọ̀tún, èmi á fò sí ọ̀tún, òun á ti wà lósì. Yóò dúró, yóò tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, bí mo bá sún mọ́ ọn, ó ti lọ. Mo ṣubú ní ìgbà mẹ́rin, mo sì fi ìgbẹ́ rẹ̀ pa ara. Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi mú ògiri. Nígbà tó rẹ̀ mí, ó pè mí.

"Ojú ẹ̀ lo ń wò," ló ní. "Urọ́ ni ojú a máa pa. Wo èjìká ẹ̀. Èjìká kì í purọ́. Ẹran ò lè lọ síbi tí èjìká ẹ̀ ò lọ."

Ó wá jókòó, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ fi kún un pé òun láti ìgbà tóun ti ń ṣọdẹ, òun kì í wo ojú ẹran. Ẹni bá wo ojú ẹran, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ́ òun pé èjìká ni kí òun máa wò. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n òbúkọ ni mò ń rò. Ọmọdé gbọ́ ìlàjì, ó fi ìlàjì sílẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni mo fi wo èjìká òbúkọ. Lóòótọ́ ni: kí ó tó yà, iṣan kan á kọ́kọ́ gbéra lábẹ́ awọ rẹ̀, díẹ̀ báyìí, bí ìgbà tí ẹja kọjá lábẹ́ omi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mo rí i tó gbéra, mo fò síbi tí òbúkọ kò tíì dé, ó sì wọ àyà mi wá fúnra rẹ̀. A jọ ṣubú. Mo di í mú, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, òbúkọ náà sì ń ké bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Nígbà tí mo padà sí Adó, èjìká gbogbo ayé ni mò ń wò. Mo wo ti àwọn alágbàrù ní Ọjà Ọba, mo wo ti oníwàásù lórí àga ìwàásù. Lọ́jọ́ kan màmá mi fẹ́ fi ìka gbá mi lórí nítorí ìrẹsì tó jóná, mo rí èjìká rẹ̀ kó tó gbéra, mo sì yẹ̀. Ìka màmá mi bá ara ilẹ̀kùn. Ẹ má béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo kúnlẹ̀, mo gbé apá sókè títí wọ́n fi ka ìròyìn tán lórí rédíò, ṣùgbọ́n inú mi dùn nínú ìkúnlẹ̀ náà ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ.

Ọjọ́ ìdánwò, òjò ti rọ̀ ní ìdájí, ilẹ̀ tutù, ìkùukùu sì bo orí òkè tó wà lápá ibi tí oòrùn ti ń wọ̀. Bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú agbòòrùn tó ká. Mo ṣe ìṣubú júdò, mo ṣe ti ọ̀pá. Nígbà tó kàn mí láti kojú Ọ̀gá Bọ́dé, gbogbo ohùn pápá náà lọ jìnnà, bí ìgbà tí ènìyàn bá ri orí bọ inú odò. "Ọmọ Tíṣà," ló ní, "wò mí lójú."  Mo gbé ojú mi sí ibi tí ọrùn aṣọ rẹ̀ ti pàdé èjìká, mo sì fi í síbẹ̀.

Ó gbá mi lẹ́ẹ̀kan, kò dùn mí. Ó gbá mi lẹ́ẹ̀kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mú fèrè ti gbé e dé ètè. Mo mọ̀ pé bàbá mi ń wò, mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbì kan tó ń dúró dè mí. Ọ̀gá Bọ́dé ju orí sí ọ̀tún bí ẹni tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n èjìká òsì rẹ̀ gbéra, díẹ̀ báyìí. N kò ronú rárá. Mo ti wà níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ mi bà á láyà pẹ̀lú gbogbo agbára mi, mo sì gbọ́ tí èémí já jáde lẹ́nu rẹ̀.

 Ẹ̀rù bà mí gan-an: mo ti lu àgbàlagbà! Mo wó lulẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, mo ń ra ọwọ́ pọ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, ẹ dákun sà." Ọ̀gá Bọ́dé di àyà mú, ó wò mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí nínú ẹrẹ̀, ó sì fi ìka kan kàn mí lórí. "Ká ní ọ̀tá ni mí," ló ní, "ò bá ti kú báyìí." Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó sì fa bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé yọ láti inú báàgì tó ń kó fáìlì sí. Bí a ti dé ẹnu ọ̀nà ilé, bàbá mi dúró. Ó wá ní, "Ó dára. Má kàn gbé ẹsẹ̀ sókè nínú ilé." N kò bẹ̀rù ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ọdún gorí ọdún. Mo ti wà ní yunifásítì nígbà tí ojú Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Wọ́n gbé e wá sí Adó, dókítà fún un ní egbòogi tí a ó máa kán sí ojú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọwọ́ màmá mi yá, ṣùgbọ́n baba náà kọ̀, ó ní Àríkẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ní òwúrọ̀ kan, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá orí rẹ̀, mo fi ìka ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ wo òkè." Ó wo òkè. Èmi ló wà lókè.

Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo wo ojú Bàbá Àgbà. Ogún ọdún ni mo ti mọ̀ ọ́n, n kò mọ̀ pé ojú rẹ̀ kò dúdú, pé ó pọ́n bí obì, pé òrùka aláwọ̀ aró kan yí i ká. N kò mọ̀ pé èmi wà nínú rẹ̀, kékeré báyìí, mo mú ìgò egbòogi dání. Ó sì ń wò mí, pẹ̀lú ìwọ̀nba tó kù nínú ìríran rẹ̀, bí ẹni pé ó ti ń dúró de ìgbà tí mo máa gbé ojú sókè. Ọwọ́ mi rọ̀. Ẹ̀kán omi náà bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò dé ojú. Mo ń sunkún. Baba náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mo ti sọ fún ọ." Ìgbà náà ni mo tó gbọ́ ìlàjì ọ̀rọ̀ tí mo fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òbúkọ. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tó fi sùn tí kò jí.

Lónìí, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sátidé. Ọ̀gá Bọ́dé ti fẹ̀yìn tì, ó máa ń wá jókòó sórí àga lábẹ́ máńgòrò. Mátíìrẹ́sì gidi la ń ṣubú lé báyìí, àwọn ọmọ sì ti wo gbogbo ìjà ayé tán lórí fóònù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tiwa, a kì í wo ojú àgbà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń wò mí bí ẹni ń wo tẹlifíṣàn, ọmọ tèmi gan-an ló ṣáájú wọn. Ó máa ń mú màmá mi kanra, ṣùgbọ́n èmi kò bínú sí wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ gbá mi, èjìká ni kí wọ́n wò.

Àmọ́ òfin kan wà tó jẹ́ tèmi, tí kò sí nínú kàrátè, tí kò sí nínú júdò. Bí a bá parí, tí a ti kó ọ̀pá, àti ọrun tí mo fi kún ẹ̀kọ́ wa, padà sínú àpótí, olúkúlùkù ọmọ gbọ́dọ̀ wá dúró níwájú ẹni tó bá jà lọ́jọ́ náà, kí ó sì wò ó lójú dáadáa kí ó tó lọ sílé. Kò sí ìkánjú níbẹ̀. A máa ń dúró títí ọwọ́ wọn á fi rọ̀.